Aràn Ni Mo Wí, Kì Í Ṣe Àrán

Ẹsẹ̀ méjì ni Olúṣẹ̀yẹ kọ́kọ́ rí. Wọ́n yọ jáde lábẹ́ pákó gígùn tí ìyá rẹ̀ ń to àpò gàrí lé ní ṣọ́ọ̀bù wọn lẹ́yìn ọjà Òmù-Àrán, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ ewé àti bàtà rọ́bà tó ti gbó. Ìyókù ẹni tó ni ẹsẹ̀ náà wà nínú òkùnkùn lábẹ́ pákó, ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Má bẹ̀rù. Mo mọ̀ pé ẹja gbígbẹ ló tàn ọ́ wọlé. Ṣé o ti jẹ ẹ́ tán? O káre."

Aago méje àárọ̀ kò tíì lù. Olúṣẹ̀yẹ gbé ìgbálẹ̀ sókè, ó ń rò ó bóyá olè ni tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Kó tó pinnu, ẹsẹ̀ náà rá sẹ́yìn, ọwọ́ méjì tó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà aláwọ̀ aró dé ìgbọ̀nwọ́ sì jáde pẹ̀lú pàkúté oníwáyà kan. Èkúté ńlá kan jókòó nínú pàkúté náà, ó ń wo Olúṣẹ̀yẹ bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Lẹ́yìn náà ni ojú obìnrin kan yọ. Òwú aláǹtakùn wà lórí irun rẹ̀, gàrí wà ní imú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Mo ti rí ọ̀kan!"

"Ọ̀kan kí ni?"

"Èkúté."

"Mo rí i. Ta ló ní kí ẹ wá mú un?"

"Màmá fún mi láyè lánàá. Wọ́n ní bí mo bá lè kó gbogbo wọn lọ, àwọn á fi odindi ọ̀sẹ̀ kan gbàdúrà fún mi."

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ nìyẹn lóòótọ́. Olúṣẹ̀yẹ sọ ìgbálẹ̀ kalẹ̀.

Àràmídé ni orúkọ obìnrin náà, ọmọ Tíṣà Lawrence Májẹ́kódùnmí tó ti fẹ̀yìn tì ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Ó ń kàwé gba oyè kejì ní yunifásítì, ohun tó sì yàn láàárín gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá sáyé ni aràn inú èkúté ìgboro. Ó fẹ́ mọ irú èyí tó wà nínú wọn, ó sì fẹ́ mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé inú ènìyàn. Ìyá Àràmídé ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó yan nǹkan mìíràn tí èèyàn lè dúró sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì láìtijú, ó kọ̀.

"Aràn inú èkúté," Olúṣẹ̀yẹ wí. "Ta ló fẹ́ mọ̀?"

"Èmi."

"Kí nìdí?"

"Nítorí pé ilé kan náà ni ẹ̀yin àtàwọn èkúté yìí jọ ń gbé, ẹ sì jọ ń jẹun. Ṣé ẹ̀yin kò fẹ́ mọ ẹni tó ń bá yín jẹun ni?"

Olúṣẹ̀yẹ wo èkúté náà, èkúté náà wò ó padà. Kí n má purọ́, láti ìgbà yẹn lòun náà ti fẹ́ mọ̀. Ó fẹ́ mọ̀ nípa èkúté, ó sì fẹ́ mọ̀ nípa obìnrin tó ń kí èkúté pé ó káre. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ èyí tó fẹ́ mọ̀ jù.

Ìyá Olúṣẹ̀yẹ dé nígbà tó yá, ó ṣí àpò, oníbàárà àkọ́kọ́ sì dé. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ni orúkọ ìyá náà, Ìyá Elégàrí ni gbogbo ọjà ń pè é. Bí oníbàárà bá ti dúró, yóò na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tí àpá iná ìgbà èwe wà lẹ́yìn rẹ̀, yóò bu gàrí díẹ̀, yóò jù ú sẹ́nu, yóò sì máa jẹ ẹ́ kí oníbàárà gbọ́ bó ṣe ń dún.

"Ẹ gbọ́? Ó gbẹ, ó sì kan dáadáa!"

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ti ń polówó báyìí. Láti ọdún tó kọjá ni inú ti ń run ún, ó ń mu àgbo, ó sì ń di ẹ̀bi ru ata.

Nígbà tí Àràmídé fẹ́ lọ, ó béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń kọ pátákó ní ìlú yìí? Mo fẹ́ fi kéde fún àwọn ará ìlú."

"Èmi ni," Olúṣẹ̀yẹ wí, inú rẹ̀ sì dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Láti Rore dé Òkè-Ọdẹ, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ṣọ́ọ̀bù aránṣọ àti ilé ẹ̀kọ́ tí kò lóǹkà.

Àràmídé fi fóònù tẹ ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí i, Olúṣẹ̀yẹ sì kọ ọ́ sára pátákó funfun pẹ̀lú ọ̀dà pupa, ní lẹ́tà ńláńlá. Kò fi àmì ohùn kankan sí i. Kì í fi àmì sí pátákó rí, ó ní àmì máa ń ba ojú lẹ́tà jẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ kà á wò:

A FE WO ARAN ARA OMU-ARAN. OFE NI. OJORU, AAGO MEWAA, GBONGAN EGBE OLOJA.

Ní Ọjọ́rú, Àràmídé to ike kékeré olómòrí sórí tábìlì, ó sì fẹ́ fi wọ́n ránṣẹ́ sílé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wá. Kí aago mẹ́wàá tó lù, àwọn ìyá mọ́kànlá ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Ìdì aṣọ wà lábẹ́ abíyá kálukú wọn. Ìyá Elégàrí ló ṣíwájú, ó ti wé gèlè.

Ó gbé ìdì rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì tú u. Àrán aláwọ̀ elésè-àlùkò ló wà nínú rẹ̀, ó jìn, ó ń dán, òórùn káńfọ̀ sì gba gbogbo gbọ̀ngán.

"Ọkọ mi tó ti dolóògbé ló rà á fún mi lọ́dún tí mo wọlé rẹ̀," ó wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo ró o. Wò ó dáadáa, ọmọ mi, kò lu níbì kankan. Èkúté kò fẹnu kàn án."

Àràmídé wo àrán, ó wo ike, ó wo àwọn ìyá mẹ́wàá tó kù. Gbogbo rẹ̀ yé e lẹ́ẹ̀kan náà.

"Màmá, ó rẹwà. N ò rí irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n aràn ni mo wí, kì í ṣe àrán."

"Aràn wo?"

"Ti inú ikùn, Màmá."

"Báwo lo ṣe fẹ́ wo ti inú ikùn mi?"

Àràmídé rọra gbé ike kan sókè. "Nínú ìgbẹ́ ni, Màmá."

Ìyá Ṣàkírátù, tó ń ta ẹ̀wà, bú sẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀, àwọn tó kù sì bá a rín in. Ìyá Elégàrí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ká àrán rẹ̀, ó dì í.

"Nítorí ìgbẹ́ ni mo ṣe ṣí àpótí ọkọ mi," ó wí, ó sì jáde.

Olúṣẹ̀yẹ gbọ́, ó sáré dé. Ó bá Àràmídé tó di ojú mú, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó rò pé ẹkún ni, àfi ìgbà tó ṣí ojú.

"Mọ́kànlá!" ó wí, omi ẹ̀rín ń dà lójú rẹ̀. "Bọ̀dá Onípátákó, àrán mọ́kànlá!"

"Èmi ni mo jẹ̀bi. Màá tún un kọ nísinsìnyí."

"Ẹ̀yin kọ́, èmi náà kò fi àmì sí i. Àmọ́ ojú ti Màmá, ìyẹn ló ń dùn mí."

Olúṣẹ̀yẹ mú búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́, ó gun àpótí, ó dojú kọ pátákó. Ọdún méjìlá ló ti ń kọ pátákó, ó wáá yíjú sí Àràmídé. "Ibo ló ń lọ? Òkè ni àbí ilẹ̀?"

Àràmídé gun àpótí bá a. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti gbogbo rẹ̀. "Àkọ́kọ́ kò ní nǹkan kan. Èkejì ló lọ sílẹ̀. Báyìí."

Wọ́n jọ fa àmì kékeré náà. Ó pẹ́ kí wọ́n tó fi ọwọ́ sílẹ̀, àwọn tó ń kọjá sì rí wọn.

Láti ọjọ́ yẹn ni Olúṣẹ̀yẹ ti ń bá a gbé pàkúté. Bó bá ti jí, yóò gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà, wọn yóò lọ wo èyí tó mú àti èyí tí kò mú. Nígbà mìíràn wọ́n á dé Rore, kí Àràmídé lè fi èkúté abúlé wé ti ìgboro. Dókítà Eléku ni Olúṣẹ̀yẹ ń pè é.

"Dókítà Eléku, ṣé wọn kì í bínú pé ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ yìí tó báyìí?"

"Àwọn èkúté?"

"Àwọn ọkùnrin."

"Ọ̀kan wà tẹ́lẹ̀. Ó ní kí n yan òun tàbí èkúté."

"Ẹ wáá yan kí ni?"

"Èkúté ló wà lórí itan mi yìí, àbí?"

Olúṣẹ̀yẹ rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kadà fẹ́ yà sínú igbó.

Lọ́jọ́ kan, ó jẹ́ kí Olúṣẹ̀yẹ wo inú maikirosíkóòpù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rí ohun tí ojú lásán kò lè rí. Nǹkan róbótó kan wà níbẹ̀, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí oyin, ohun kékeré kan sì ká jọ sínú rẹ̀ pẹ̀lú ìkọ́ mẹ́fà.

"Ẹyin aràn ni," Àràmídé wí. "Bó bá dàgbà tán nínú èkúté, yóò rí pẹlẹbẹ, yóò gùn bí okùn bàtà. Èkúté á yàgbẹ́ sínú ọkà tàbí gàrí, kòkòrò inú gàrí á jẹ ẹyin náà, aràn á bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà nínú kòkòrò. Ẹni tó bá gbé kòkòrò náà mì láìmọ̀ ti gbé aràn mì nìyẹn."

"Bí wọ́n bá sè é ńkọ́?"

"Èyí tó jiná dáadáa kò léwu. Èyí tí wọ́n ń jẹ bẹ́ẹ̀ láìsè ni mo ń bẹ̀rù. Kì í sábà mú àgbà, bó bá sì mú èèyàn, oògùn rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ta ló máa lo oògùn ohun tí kò mọ̀?"

Olúṣẹ̀yẹ tún wò ó, ó mú pẹ́ńsù, ó yà á láìkù síbì kan, títí kan ìkọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. "Ó rẹwà," ó wí.

"Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa sọ bẹ́ẹ̀, Ṣẹ̀yẹ."

Ó gbọ́ ọ. *Ìwọ*, kì í ṣe *ẹ̀yin*. *Ṣẹ̀yẹ*, kì í ṣe *Bọ̀dá*. Kò rántí ọ̀nà tó gbà délé lọ́jọ́ náà.

Oṣù kẹta wọn ni wọ́n fẹnu kò pé ní Ọjọ́ Àìkú, Olúṣẹ̀yẹ yóò mú un lọ sílé, yóò sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti rí ìyàwó. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, Àràmídé pè é sí gbọ̀ngán, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Mo ti yẹ èkúté ṣọ́ọ̀bù Màmá wò. Mẹ́sàn-án ni mo mú, mẹ́fà ló ní aràn náà. Mo rí i nínú kòkòrò gàrí wọn pẹ̀lú."

"Ta ló ti gbọ́?"

"Ìwọ nìkan. Màmá ló kàn, kí n tó sọ fún ẹgbẹ́ ọlọ́jà."

Olúṣẹ̀yẹ fà á jókòó. "Olólùfẹ́ mi, jọ̀ọ́. Jẹ́ ká ṣe ti Ọjọ́ Àìkú ná. Ọ̀rọ̀ àrán yẹn ṣì wà nínú wọn. Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́ bí ìyàwó mi, bó bá di oṣù méjì, kó o wáá sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀."

"Oṣù méjì ni wọ́n á fi máa jẹ ẹ́."

"Wọ́n ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́."

Àràmídé wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ rí. "Bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn ní Ọjọ́ Àìkú, tí mo mọ ohun tó wà nínú gàrí wọn tí mo sì dákẹ́, irọ́ ni mo fi kí wọn. Mo fẹ́ràn rẹ, Ṣẹ̀yẹ. N kò lè fi irọ́ wọ ilé yín."

Ó lọ bá Ìyá Elégàrí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Ó dúró kí oníbàárà tán, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá àpò gàrí, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ìyá Elégàrí gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Gàrí tèmi?" ó wí. "Lákọ̀ọ́kọ́, o ní kí n gbé ìgbẹ́ wá. Ní báyìí, o ní aràn wà nínú ọjà mi. Ọmọ Tíṣà, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Ẹ ò fi nǹkan kan ṣe mí, Màmá. Tiyín nìkan kọ́. Ó ṣeé lé jáde. Bí ẹ bá lè jẹ́ kí n yẹ ẹ̀yin náà wò..."

"Kó pàkúté rẹ. Bí ọmọ mi bá sì ní ìwọ lòun máa fẹ́, kó lọ wá ìyá mìíràn."

Àràmídé kó pàkúté rẹ̀. Kò sunkún títí ó fi dé gbọ̀ngán.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní Òmù-Àrán ku oṣù kan kó parí. Olúṣẹ̀yẹ kò lọ wò ó. Kì í ṣe pé inú ń bí i, ojú ló ń tì í. Ó ń kọ pátákó, ó ń ṣi lẹ́tà kọ. Nígbà tí kò lè kọ nǹkan kan mọ́, ó lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ láti àárọ̀, ó ń wò ó.

Oníbàárà dé, ìyá bu gàrí sẹ́nu. "Ẹ gbọ́? Ó gbẹ!" Òmíràn dé, ó tún bù ú. Láàárín ẹni méjì, ó fi ọwọ́ tẹ ikùn, ó dijú, ó mu àgbo. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ló ti jù ú sẹ́nu. Lójú Olúṣẹ̀yẹ ló ti ń ṣe é láti kékeré, kò sì rí i rí.

Ó lọ sílé, ó mú pátákó tuntun. Kò kọ lẹ́tà kankan sí i, kí àṣìṣe má bàa tún wà. Èkúté ló kọ́kọ́ yà lórí àpò gàrí, ó ya ìgbẹ́ rẹ̀, ó ya kòkòrò tó ń jẹ ìgbẹ́ náà, ó ya kòkòrò nínú gàrí, ó ya ọwọ́ tó bu gàrí náà, ó ya ẹnu tó là. Ní ìparí, ó ya ẹyin aràn aláwọ̀ oyin náà, tìkọ́tìkọ́. Ó gbé e síwájú ìyá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ìyá wò ó pẹ́. Ó fi ìka tọ ọ̀nà náà láti orí èkúté, ó dé orí ọwọ́, ìka rẹ̀ sì dúró.

"Àpá mi lo yà sẹ́yìn ọwọ́ yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ọwọ́ yín ni."

"Ohun tí ọmọ yẹn ń sọ nìyí?"

"Òun ni. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún yín. Mo ní kó fi pamọ́ kí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wa lè rọrùn. Ó kọ̀."

Ìyá gbé ojú kúrò lára pátákó, ó wo ọmọ rẹ̀. "Ìwọ tí mo bí, o ní kí n máa jẹ ẹ́ lọ?"

Olúṣẹ̀yẹ dọ̀bálẹ̀.

"Ọmọ ọlọ́mọ ló wá kúnlẹ̀ fún mi," ìyá wí, "mo sì lé e."

Kò sọ ibi tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ kejì ló wọ gbọ̀ngán pẹ̀lú ọ̀rá dúdú kan lábẹ́ ìborùn, ó gbé ike kékeré kan kalẹ̀, ó sì ń wo ara ògiri. Àràmídé kò sọ nǹkan kan nípa ohun tó ti kọjá. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ba maikirosíkóòpù, ó wò ó.

"Ó wà níbẹ̀, Màmá."

"Jẹ́ kí n rí i."

Ìyá Elégàrí fi ojú kan wo inú ẹ̀rọ. "Háà! Èyí ló ń bá mi jẹun láti ọdún tó kọjá? Ìkọ́ rẹ̀ pé mẹ́fà lóòótọ́. Ṣẹ̀yẹ yà á dáadáa."

Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn fún un lóògùn. Wọ́n da gàrí tí kòkòrò ti wọ̀ nù, wọ́n fọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n dí gbogbo ihò, wọ́n sì ra dúrọ́ọ̀mù olómòrí. Ìyá Elégàrí fúnra rẹ̀ ló gbé pátákó ọmọ rẹ̀ lọ síwájú ẹgbẹ́ ọlọ́jà, tó na ọwọ́ rẹ̀ sókè kí wọ́n rí àpá. Lọ́jọ́ náà, ike tán lórí tábìlì Àràmídé. Ní ti ìpolówó, Ìyá Elégàrí rí ọgbọ́n mìíràn dá. Orí tírè páànù ló ń da gàrí sí báyìí, kí wọ́n lè gbọ́ bó ṣe ń dún. "Ẹ gbọ́? Ó gbẹ!"

Olúṣẹ̀yẹ lọ bẹ Àràmídé. "Mi ò ṣe dáadáa sí ọ, mi ò sì ṣe dáadáa sí ìyá mi."

"N ò bínú pé o fẹ́ràn ìyá rẹ," Àràmídé wí. "Mo bínú pé o rò pé èmi ò fẹ́ràn wọn."

Ó dárí jì í, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ ilé wọn mọ́, Olúṣẹ̀yẹ náà kò sì ní ìgboyà láti tún dá a sílẹ̀. Gbólóhùn ìyá rẹ̀ ṣì wà láàárín wọn, kò tíì sẹ́ni tó kó o kúrò.

Ọjọ́ tí Àràmídé ń palẹ̀ mọ́ ni ìyá wá. Olúṣẹ̀yẹ ń bá a di pàkúté. Ọ̀rá dúdú wà ní ọwọ́ òsì ìyá, ìdì kan wà lábẹ́ abíyá rẹ̀.

"Yẹ èyí wò fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i kó o tó lọ."

Àràmídé tún wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó wò ó, ó tún un wò, ó wò ó lẹ́ẹ̀kẹta.

"Kò sí nǹkan kan mọ́, Màmá. Kò ku ẹyọ kan."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ìyá gbé ìdì rẹ̀ sórí tábìlì, ó tú u. Òórùn káńfọ̀ tún gba gbọ̀ngán bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́.

"Lọ́jọ́sí, o ní aràn lo fẹ́, èmi gbé àrán wá, a jọ ṣìnà," ó wí. "Nísinsìnyí, aràn ti tán nílé wa. Àrán nìkan ló kù. Gbà á, ìyàwó mi."

Olúṣẹ̀yẹ la ẹnu, ìyá rẹ̀ sì yí sí i. "Ìwọ dákẹ́. Bí mo bá ní kí n dúró dè ọ́, ọmọ yìí á ti dé Àjàṣẹ́. Kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó o sọ tìrẹ."

Ó kúnlẹ̀. Ó sọ tirẹ̀ lọ́rọ̀ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ náà kò sì kàn wá. Àràmídé ní bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rọ́bà ọwọ́ ọ̀tún, ó bọ́ ti òsì, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ nínú ọpọ́n, ó nù ún gbẹ. Ó padà wá kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gba àrán náà.